Bíárìn gíà ẹ̀yìn tó kú lẹ́ẹ̀mejì lára alùpùpù oníṣáàfù

Alùpùpù tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé kò lo ṣéènì. Ṣáàfù ló ń gbé agbára láti inú gíábọ́ọ̀sì lọ sẹ́yìn. Níbẹ̀, gíà kékeré kan, píníọ̀n, ń yí gíà ńlá tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní káráùn, káráùn náà ló sì ń yí táyà. Ó ti rin 58,000 kìlómítà. Nígbà tó wà ní 52,000 ni bíárìn ńlá tó gbé káráùn ró kọ́kọ́ kú, wọ́n sì pààrọ̀ òun àti bíárìn onírólà kékeré tó wà lódìkejì rẹ̀. Kò ju 6,000 kìlómítà lẹ́yìn náà lọ tí ọ́ìlì tún fi ń yọ sára rìímù. Ẹni tó ni ín ní kí wọ́n kàn bá òun pààrọ̀ ọ́ìlì-síìlì.

Síìlì kọ́ ló jẹ̀bi. Síìlì tuntun lè dá ọ́ìlì dúró fúngbà díẹ̀, ṣùgbọ́n bí ohun tó gba àárín rẹ̀ kọjá bá ń yẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, ètè rọ́bà rẹ̀ kò ní lè bá a lọ. A gbé alùpùpù náà sórí sítáńdì àárín, a di táyà ẹ̀yìn mú lókè àti nísàlẹ̀, a tì í, a fà á. Ó mì. Ẹnìkan wá fi ìka kan ibi tí àpótí gíà ẹ̀yìn, ilé káráùn àti píníọ̀n, ti pàdé apá ẹ̀yìn tó gbé táyà, ẹlòmíràn sì ń mi táyà. Ìdí ni pé bíárìn inú ìkọ́ apá ẹ̀yìn náà lè gbó, kí táyà sì máa mì bákan náà. Bí ìka bá gbọ́ pé àpótí ń bá táyà mì, ìkọ́ ni. Bí àpótí bá dúró gbọin tí táyà nìkan ń mì, inú àpótí ni ọ̀ràn wà. Àpótí dúró gbọin.

Ọ́ìlì tó jáde kò ju ìdá kan nínú mẹ́rin lítà lọ, ó sì dúdú. Nọ́ọ̀tì tí a fi ń da ọ́ìlì ní òòfà lórí. Ẹrẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ aláwọ̀ eérú lára òòfà yìí kì í ba ni lẹ́rù, gíà tó ń fara ra ara ló ń ṣe é. Èyí tó wà níbẹ̀ yàtọ̀: pẹlẹbẹ irin wẹ́wẹ́ tó ń kọ mànà, tí àtàǹpàkò àti ìka ń gbọ́ bí a bá fi rá a. Irú ìyẹn kì í wá láti ibòmíràn ju ara bíárìn tàbí eyín gíà lọ.

Inú àpótí

Bíárìn méjì ló gbé káráùn ró. Lápá ibi tí rìímù ti dè mọ́ ọn, oníbọ́ọ̀lù ńlá kan wà nínú ìdérí. Lápá kejì, nínú àpótí gan-an, onírólà kékeré kan wà, irú èyí tí rólà rẹ̀ dágẹ̀rẹ̀ tí ife rẹ̀, ìyẹn òrùka òde rẹ̀, sì ṣeé yọ sọ́tọ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni onírólà yìí ti lè gba ìtì. Bí a bá fún alùpùpù níná, eyín gíà tó tẹ̀ a máa ti káráùn kúrò lọ́dọ̀ píníọ̀n. Bí a bá dẹwọ́ iná, ìtì náà á dínkù tàbí kó yí padà. Nítorí náà ìdérí ní láti fún bíárìn méjèèjì mọ́ra díẹ̀, kí káráùn má ráyè sún lọ sún bọ̀. Wáṣà tín-ín-rín tí a ń pè ní ṣíìmù, tó wà láàárín ìdérí àti òrùka òde bíárìn ńlá, ló ń pinnu bí ìfúnpọ̀ yẹn ṣe máa tó. Ìwé àtúnṣe alùpùpù yìí fi 0.05 sí 0.10 mm lélẹ̀. Ẹ fi iye yẹn sọ́kàn, òun ni gbogbo ẹjọ́ yìí dá lé.

Bíárìn píníọ̀n kò dún, kò mì, a fi í sílẹ̀. Eyín gíà méjèèjì mọ́, kò sí ibi tó kán.

Nọ́ńbà tó wà lára bíárìn ńlá ni 61917-2RS1. A gé òrùka òde rẹ̀ kí ojú ipa tí bọ́ọ̀lù ń yí lé lè hàn. Nínú bíárìn tí ìwúwo nìkan ń tẹ̀, òrùka inú tó ń yí a máa ní ipa yíká, ti òde a sì ní ipa ní apá kan ṣoṣo, níbi tí ẹrù ti ń tẹ̀ ẹ́. Eléyìí kò rí bẹ́ẹ̀. Ipa dídán yí òrùka méjèèjì ká, kò sì sí ní àárín gbùngbùn: ó ti gun ẹ̀gbẹ́ kan débi pé etí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan èjìká òrùka. Ní ojú kan lára òrùka òde, irin ti ṣí bí èépá, ní gígùn bíi 20 mm, ìsàlẹ̀ ibẹ̀ sì rí ṣákaṣàka. Irú ṣíṣí yìí kì í bẹ̀rẹ̀ lójú irin. Abẹ́ rẹ̀ ló ti ń sán díẹ̀díẹ̀ nítorí ẹrù tó ń kọjá lórí rẹ̀ lálọ-lábọ̀. Kò sí ìpata, kò sí àmì omi, kò sí ojú tí erùpẹ̀ ti họ. Ipa tó yí òrùka méjèèjì ká tó sì gun ẹ̀gbẹ́ kan, ohun kan ló ń sọ: wọ́n ti fún bíárìn náà jù láti ẹ̀gbẹ́. Bí ẹrù tó wà lórí bíárìn oníbọ́ọ̀lù bá di ìlọ́po méjì, ọjọ́ ayé rẹ̀ a di ìdá kan nínú mẹ́jọ. Kò yani lẹ́nu pé 6,000 kìlómítà ló lè gbé.

Ẹni tó bá ra irú rẹ̀ kan náà tó tún tì í wọlé bó ṣe wà, òkú mìíràn ló ń rà.

Kíka nọ́ńbà náà

Nọ́ńbà 61917 kò le kà. 6 ni oníbọ́ọ̀lù oníìlà kan tí ojú ipa rẹ̀ jìn. 19 ni bí ara rẹ̀ ṣe sanra sí. Tẹ́ẹ́rẹ́ ni èyí. 17 ni ihò, tí a óò fi 5 sọ di púpọ̀: 85 mm. Ìṣírò onímárùn-ún yìí bẹ̀rẹ̀ láti 04. 00 jẹ́ 10 mm, 01 jẹ́ 12, 02 jẹ́ 15, 03 jẹ́ 17. Òde 61917 jẹ́ 120 mm, fífẹ̀ rẹ̀ 18 mm. Àwọn ilé iṣẹ́ Japan bíi NSK àti NTN a máa kọ ọ́ sí 6917, ohun kan náà ni. 6017 àti 16017 náà ní ihò 85 mm, ṣùgbọ́n òde wọn jẹ́ 130 mm, kò síbi tí wọ́n máa gbà wọlé.

Èyí tó máa ń bá alùpùpù wá láti ilé iṣẹ́ lè má ní ju nọ́ńbà tí wọ́n fún un níbẹ̀ lọ, tí ẹnikẹ́ni kò ní rí nínú kátálọ́ọ̀gì bíárìn. Ẹni tó bá bá irú rẹ̀ pàdé, kó wọn ihò, òde àti fífẹ̀, kó sì ka bọ́ọ̀lù inú rẹ̀ kó tó jù ú nù. Bíárìn méjì lè bára mu ní ìwọ̀n, kí bọ́ọ̀lù inú ọ̀kan pọ̀ ju ti èkejì lọ, ẹrù tí wọ́n lè gbé kò sì ní dọ́gba.

Àwọn kan á sọ pé kí a fi 71917 síbẹ̀, nítorí pé ìwọ̀n rẹ̀ bá 61917 mu régé, ó sì lè gba ìtì ẹ̀gbẹ́ jù ú lọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló ti lè gbà á. Oníbọ́ọ̀lù tó ń gba ìtì lọ́tùn-ún lósì ni àwọn tó ṣe gíà yìí fi ṣe é, ibi tó sì ti bàjẹ́ kì í ṣe ibi tí irú bíárìn náà ti kù díẹ̀ káàtó. A kò yí i padà.

Lẹ́tà tó tẹ̀lé nọ́ńbà

Nọ́ńbà tọ́, lẹ́tà ni kò tọ́. 2RS1 túmọ̀ sí rọ́bà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì (NSK ń kọ ọ́ ní DDU, NTN ní LLU). Bíárìn yìí jókòó nínú ọ́ìlì gíà. Rọ́bà yẹn kò jẹ́ kí ọ́ìlì wọlé dáadáa, gíríìsì tó wà nínú rẹ̀ á sì máa ṣàn jáde díẹ̀díẹ̀, kó máa pò mọ́ ọ́ìlì. Ètè rọ́bà tó ń ra òrùka tún ń dá ooru kún ooru. Níbi tí ọ́ìlì bá ti ń wẹ bíárìn, èyí tó ṣí sílẹ̀ gbayawu la máa ń lò. Àwọn kan ń yọ rọ́bà náà kúrò kí wọ́n tó fi bíárìn sí i. Kò burú bí a bá fọ gíríìsì inú rẹ̀ tán pátápátá, ṣùgbọ́n kí ló dé tí a kò ra èyí tó ṣí?

Èyí tó wúwo jù ni lẹ́tà tí kò sí níbẹ̀ rárá: C3. Bọ́ọ̀lù inú bíárìn kì í há pátápátá, àyè díẹ̀ máa ń wà. Fún ihò tó ju 80 mm lọ dé 100 mm, àyè bíárìn lásán jẹ́ 0.012 sí 0.036 mm, ti C3 sì jẹ́ 0.030 sí 0.058 mm. A wọn ibi tí bíárìn jókòó lé lára káráùn: 85.02 mm. Ihò bíárìn jẹ́ 84.99. Òrùka inú wá ní láti fẹ̀ ní 0.03 mm kó tó wọlé, ó sì lè tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin fífẹ̀ yìí tí yóò jẹ nínú àyè tí bọ́ọ̀lù ní, nǹkan bíi 0.022. Lójú ọ̀nà, òrùka inú máa ń gbóná ju ti òde lọ. Bí wọ́n bá fi 10°C jura wọn, 0.012 mm mìíràn tún lọ. Ẹ wá ṣe ìṣírò náà láti àárín iye méjèèjì tí a dá fún àyè kọ̀ọ̀kan: bíárìn lásán, 0.024 ní ìbẹ̀rẹ̀, yóò kù sí òdì 0.010, ìyẹn ni pé bọ́ọ̀lù ti há. C3, 0.044 ní ìbẹ̀rẹ̀, yóò ṣì ní 0.010 lọ́wọ́. Àǹfààní mìíràn tún wà níbẹ̀: bí àyè bá pọ̀ díẹ̀, bọ́ọ̀lù á fi ẹ̀gbẹ́ tó dágẹ̀rẹ̀ sí i gba ìtì ẹ̀gbẹ́, ìtì náà á sì rọrùn fún un.

Ìdérí ńkọ́? Alumíníọ̀mù ni, ó sì ń wú ju irin lọ. Láti 20°C dé 80°C, ihò 120 mm nínú alumíníọ̀mù á fi nǹkan bíi 0.08 mm fẹ̀ ju òrùka irin inú rẹ̀ lọ. Nítorí náà, bó ti wù kó há mọ́ ọn tó nígbà tó tutù, ó lè tú bó bá gbóná. A wò ó bóyá òrùka òde ti ń yí nínú ìdérí. Ojú ihò náà kò dán, kò sì họ. Ká ní ó ti ń yí ni, bíárìn wo la fẹ́ yàn tí yóò tún un ṣe? Ìdérí tuntun ni.

Ó ku àgò tó ń ya bọ́ọ̀lù sọ́tọ̀ síra. Oríṣi mẹ́ta ló wọ́pọ̀: irin títẹ̀, báráàsì, àti ọ̀rá líle. Èròjà sọ́fọ̀ inú ọ́ìlì gíà GL-5 kò bá báráàsì rẹ́ bó bá gbóná, ọ́ìlì gbígbóná náà a sì máa sọ ọ̀rá di gbígbó bọ́jọ́ bá pẹ́. Irin títẹ̀ la mú.

Ohun tí a rà nìyẹn: 61917 C3, tó ṣí sílẹ̀, àgò irin. Fún onírólà, 32007 X, 35 × 62 × 18 mm, tòun ti ife rẹ̀. A kì í fi rólà tuntun sínú ife àtijọ́. Lára bíárìn tí a rà, a wo bí nọ́ńbà ṣe wà: bí aṣọ tó ní pẹtiróòlù bá lè nù ún kúrò, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ayédèrú.

Ibi tó ti bàjẹ́ gan-an: 0.95 mm

Ẹni tó kọ́kọ́ tún gíà yìí ṣe dá ṣíìmù àtijọ́ padà sí àyè rẹ̀. Èrò tó wọ́pọ̀ ni pé bíárìn tuntun tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ti àtijọ́ mu ní láti fẹ̀ bákan náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlànà ISO, àjọ àgbáyé tó ń gbé òṣùwọ̀n kalẹ̀, gba òrùka bíárìn oníbọ́ọ̀lù tí ihò rẹ̀ ju 80 mm lọ láyè láti dín ní fífẹ̀ tó 0.20 mm, ó gba 32007 X láyè láti ga ju 18 mm lọ tó 0.20 mm. Bíárìn méjì tó dára, tí kò lábùkù kankan, lè fi 0.40 mm yàtọ̀ sí méjì mìíràn tó dára bákan náà, nígbà tí gbogbo àyè ìfúnpọ̀ tí ìwé fi lélẹ̀ kò ju 0.05 mm lọ. Ilé iṣẹ́ tó ṣe gíà mọ èyí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wọn ṣíìmù fún àpótí kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀.

Bí a ṣe wọ̀n ọ́n nìyí. Onírólà tuntun wà nínú àpótí, oníbọ́ọ̀lù tuntun wà lára káráùn, káráùn jókòó sáyè rẹ̀. A fi ọwọ́ tẹ káráùn mọ́lẹ̀, a sì yí i nígbà mẹ́wàá kí rólà lè jókòó dáadáa. Ẹni tí kò bá yí i yóò ka iye tó ju bó ti yẹ lọ. Maikirómítà ìjìnlẹ̀ la lò, èyí tó ń ka 0.01 mm. Kálípà kò tó fún irú iṣẹ́ yìí, ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́ nìkan lè yí iye padà ju àyè tí a ń wá lọ. Láti ojú àpótí dé orí òrùka òde: 17.36 mm. Láti ojú ìdérí dé ìsàlẹ̀ ihò tí ṣíìmù ń jókòó sí: 18.14 mm. Ojú mẹ́ta la ti wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan, a ro wọ́n pọ̀, a sì pín in sí mẹ́ta. Àlàfo jẹ́ 0.78. Bí a bá fi ìfúnpọ̀ 0.05 sí 0.10 kún un, ṣíìmù ní láti wà láàárín 0.83 àti 0.88. A fi 0.85 sí i, ìfúnpọ̀ sì di 0.07.

Èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ jẹ́ 0.95. Ká ní a dá a padà pẹ̀lú bíárìn tuntun yìí, ìfúnpọ̀ ì bá jẹ́ 0.17 mm, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì èyí tó ga jù tí ìwé gbà. Pẹ̀lú méjì tó kú, ó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí a wọ̀n wọ́n, oníbọ́ọ̀lù jẹ́ 17.97, onírólà 18.15, ti tuntun jẹ́ 17.94 àti 18.08. Àwọn tó kú fi 0.10 mm ga ju ti tuntun lọ, àlàfo wọn kò ju 0.68 lọ, ṣíìmù 0.95 sì fún wọn pa ní 0.27 mm. Bóòtù ìdérí á ṣì wọlé, ìdérí á tẹ̀ díẹ̀, táyà á sì máa yí. Ọwọ́ kò ní tètè mọ̀, àyàfi bí ẹni náà bá kíyè sí i pé ó wúwo díẹ̀ láti yí.

Nítorí pé a pààrọ̀ onírólà, ipò káráùn sí píníọ̀n náà lè ti yí padà. A fi aago ìwọ̀n kan eyín káráùn, a di píníọ̀n mú, a mi káráùn síwá sẹ́yìn: 0.12 mm. Ìwé gba 0.07 sí 0.16. A kò fọwọ́ kan ṣíìmù tó wà lẹ́yìn onírólà.

Fífi í síbẹ̀

Bíárìn ńlá la mú gbóná, kì í ṣe káráùn. Ní 90°C, ihò rẹ̀ á fẹ̀ ní nǹkan bíi 0.07 mm, ó ju 0.03 tí a nílò lọ dáadáa. Á bọ́ sáyè láìlo òòlù. Ohun ìgbóná oníná mànàmáná ló dára, tàbí kí a gbé e sínú ọ́ìlì gbígbóná. Kò gbọdọ̀ kọjá 120°C, a kò sì gbọdọ̀ fi ọwọ́ iná jó o. Bí bíárìn bá ṣe ń tutù, òrùka inú rẹ̀ máa ń súnkì, ó sì lè sún kúrò lára èjìká tó yẹ kó kàn, nítorí náà a tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn títí tó fi tutù. Lẹ́yìn náà a gbìyànjú láti ki fílà géèjì 0.03 mm, irin pẹlẹbẹ tín-ín-rín tí a fi ń wọn àlàfo, sí àárín wọn. Kò wọlé, ó ti jókòó. Ká ní ó wọlé ni, gbogbo ìwọ̀n ṣíìmù á ti di irọ́, ìdí nìyẹn tí àyẹ̀wò yìí fi ṣáájú maikirómítà.

Ìdérí náà la mú gbóná dé 100°C, kí òrùka òde lè bọ́ sínú rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá fi òòlù lu òrùka òde kí òrùka inú lè wọlé, orí bọ́ọ̀lù ni agbára náà ń gbà kọjá, bọ́ọ̀lù á sì fi ojú sílẹ̀ lára irin. Bíárìn bẹ́ẹ̀ á máa kùn láti kìlómítà àkọ́kọ́.

Síìlì tuntun la fi sí i, tí a fi ọ́ìlì ra ètè rẹ̀. Síìlì àtijọ́ ti họ ojú kan lára káráùn, nítorí náà a kò ti tuntun dé ìsàlẹ̀ pátápátá, a fi 1 mm sílẹ̀ kí ètè rẹ̀ lè kan ibi tí kò họ. Ihò èémí àpótí ti dí fún ẹrẹ̀, a là á. Bí afẹ́fẹ́ gbígbóná kò bá rí ibi gbà jáde, síìlì ni yóò gbà. Ọ́ìlì jẹ́ 75W-90 GL-5, ní iye tí ìwé fi lélẹ̀.

Lẹ́yìn tí a de ìdérí tán, káráùn ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́, kò ní ibi tó há, táyà kò sì mì. Ní 1,000 kìlómítà, a da ọ́ìlì nù: ẹrẹ̀ eérú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló wà lára òòfà, kò sí pẹlẹbẹ. Ní 12,000, bákan náà ló rí, rìímù sì gbẹ. Nínú ìwé ìtọ́jú alùpùpù náà, a kọ ọ́ sílẹ̀: 61917 C3, fífẹ̀ 17.94; 32007 X, gíga 18.08, àlàfo 0.78, ṣíìmù 0.85. Ẹni tó bá tún ṣí àpótí yìí lọ́jọ́ iwájú ṣì ní láti wọn àlàfo tirẹ̀, nítorí pé bíárìn tí yóò rà kò ní jẹ́ 17.94.